Ẹran Àgbàsìn Níwájú Agbọ́nú

"Ta ni ó ni wọ́n?" ni Agbọ́nú, ẹ̀rọ tí Àjọ Ọ̀gbẹlẹ̀ fi ń gbọ́ ìbúra ẹlẹ́ran, tún bèèrè.

Bàbá Ṣítù, àgbà ẹlẹ́wúrẹ́ tí gbogbo Ìdí-Ẹmì mọ̀ sí aláwàdà, ń gbé ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì bí ẹni tí ìjàlọ ń bù jẹ. Àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti rù débi pé egungun ìhà wọn yọ bí irin agboòrùn.

"Tiwa ni," ó ní. "Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kíṣí. Bàbá wa ló fi—"

"Ẹni méjì lo dárúkọ. Ẹni kan ni òfin mọ̀. Ta ni ó ni wọ́n?"

"Ó dáa. Tèmi ni. Tèmi nìkan."

Etí irin Agbọ́nú, tó fẹ̀ bí ewé kókò, yí díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí díẹ̀ sí òsì.

"Ọ̀fun rẹ gbọ̀n," ni Agbọ́nú wí. "Kúrò níbẹ̀."

Iná pupa tàn. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí Àjọ Ọ̀gbẹlẹ̀ fi sí etí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a fẹ́ fìtílà pa. Obìnrin kan nínú èrò pòṣé. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó dé: ẹran tí ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ bá kú, kò sí ọpọ́n omi ìjọba tí yóò ṣí fún un mọ́, ì báà fi orí gbá ìdérí rẹ̀ títí ìwo rẹ̀ yóò fi ṣẹ́. Owó Má-jẹ̀ẹ́-ó-kú tí ìjọba ń pín fún àwọn ọlọ́sìn kò sì ní kan ẹni tó ni ín.

"Ìwọ!" Bàbá Ṣítù na ìka sí ẹ̀rọ náà. "Irin tí wọ́n rọ lánàá ló ń pè mí ní ìwọ! Mo sọ òtítọ́, o lé mi. Mo parọ́, o lé mi. Kí lẹ wá fẹ́ ká máa fi ẹnu ṣe, ká fi máa yán ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sápá kan," ni Ẹniọlá, akọ̀wé Àjọ, wí láìgbójú sókè. Ọmọbìnrin náà jókòó nínú ẹ̀wù atutù tí ń mí fúùfúù lára rẹ̀ bí ọmọ tuntun, nígbà tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ìyókù ìlú bí omi ẹ̀rọ. "Ẹni tó kàn. Ẹ sì rántí o, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú ọgbà yìí, Agbọ́nú ń gbọ́ ọ. Títí tí mo bá fi fi ìbòrí dé e lórí, etí rẹ̀ kì í padé."

Ẹni tó kàn ni Mopélọ́lá, ìyá Gbádégẹsin.

Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́nà jíjìn, ó ń bá wọn mọ odi dí òkun lẹ́nu ní Èkó. Òun nìkan ló kù nídìí agbo màlúù tó gba gbogbo àgbàlá kọjá ilé ìjọsìn, agbo tí ojú ń wò tí orí ń wú, kí òjò tó kọ̀yìn sí Òkè-Ògùn. Ó fa okùn ìyá agbo náà bọ́ síwájú, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Màlúù funfun ni ìyá agbo yìí, Aláàlà lorúkọ rẹ̀. Bí Mopélọ́lá bá jí láàárọ̀, tó bá ti gba àdúrà tán, Aláàlà ni yóò kọ́kọ́ kí:

*Aláàlà, a-fi-ìrù-lé-eṣinṣin-bí-ẹni-lé-ọ̀tá,*
*Oníwàrà tí í fún ọmọ rẹ̀, tí í fún ọmọ ọlọ́mọ,*
*Ó gba oko olóko kọjá, kò bu ewé kan jẹ,*
*Ẹlẹ́sẹ̀ funfun tó la ẹrọ̀fọ̀ já, ẹrọ̀fọ̀ ò rí i bá wí.*

Lónìí, kò kí i.

"Ìyá Gbádégẹsin," ni Bàbá Ṣítù sọ sí i létí bí wọ́n ti ń kọjá lára wọn, "má ṣe bíi tèmi. Má rántí ẹnikẹ́ni. Má rántí Láwóyin. Ṣáà sọ pé tèmi, kó o sì gbé e mì."

Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló lè gbé òkúta mì? Àgbàsìn ni Aláàlà. Alàgbà Láwóyin, ọlọ́jà ṣúgà tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́bàá ọ̀nà, ló fà á wá ní ọjọ́ tí kò tíì ju ọmọ màlúù lọ. Iwájú ọkọ Mopélọ́lá ló ti fi okùn lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi gbà á sìn. Bó bá bí, ká pín in." Aláàlà bí. Ọmọ rẹ̀ bí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà bí. Ọdọọdún ni Mopélọ́lá ń lọ bá Alàgbà pé kí wọ́n wá pín in, ọdọọdún ni Alàgbà ń rẹ́rìn-ín pé, "Kí ni ìkánjú? Jẹ́ kó pọ̀ sí i." Ọkọ Mopélọ́lá kú láìpín in. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé láìpín in.

Ohun kan sì wà tí ìyá tó bí Mopélọ́lá kọ́ ọ, tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ ìyẹn: ẹni tó gba ẹran sìn kì í pe é ní tirẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ ìpín. Kì í ṣe àgbàsìn nìkan, àti ọmọ àgbàsìn pẹ̀lú. Bí àlejò bá bèèrè, wàá ní "ẹran ilé wa nìyẹn." Bí ọmọdé bá ní "màlúù ìyá mi," wàá gbá a lẹ́nu. Ó ti gbá Gbádégẹsin lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́, wàrà inú agbo rẹ̀ á di omi. Mopélọ́lá kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, nítorí kò sọ ọ́ rí láyé rẹ̀.

"Ta ni ó ni wọ́n?"

Olúwa, ló wí nínú ọkàn rẹ̀, màlúù tí kò nírù, ìwọ lo ń bá a lé eṣinṣin. Lé tèmi.

Kí ló tọ́? Bó bá ní tòun nìkan ni gbogbo wọn, irọ́ ni. Ìyá agbo jẹ́ ti Láwóyin, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì àwọn ọmọ. Bó bá ní ti àwọn méjèèjì ni, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n á lé e bí wọ́n ti lé Bàbá Ṣítù, òùngbẹ á sì pa gbogbo agbo. Ó wo Aláàlà. Èépá funfun ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Tèmi," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. "Tèmi... tèmi ni."

"Ọ̀fun rẹ gbọ̀n. Kúrò níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ!"

"Ẹ ò lè tún un sọ, Mama," ni Ẹniọlá wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kò mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ jẹ́ tèmi ní tòótọ́? Àwa méjì la jọ ni ín! Ta ló dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń bí? Ta ló fi ẹnu fa ikun kúrò nímú wọn?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wàyí. Ojú rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀. "Mama, Agbọ́nú kò mọ òtítọ́. Ta ní sọ fún yín pé ó mọ̀ ọ́n? Ohun tó mọ̀ ni bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin ò gba ara yín gbọ́." Ó yíjú sí èrò. "Ẹlòmíì wà tó ní ẹjọ́ lórí agbo yìí?"

"Èmi wà."

Èrò là sí méjì. Alàgbà Láwóyin ń bọ̀ jẹ́jẹ́, agbádá funfun, bàtà tí eruku kò fọwọ́ kàn. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó sábẹ́ igi ẹmì lọ́hùn-ún, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mopélọ́lá ti rí i. Ó rò pé Alàgbà wá kí òun ni.

"Alàgbà," ó ní, "ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Mo fẹ́ sọ fún wọn náà nìyẹn." Kò wo ojú rẹ̀. Ó dúró síwájú etí irin, ó gbé àyà rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ dá orin.

"Ta ni ó ni wọ́n?"

"Tèmi ni," ni Láwóyin wí. "Gbogbo wọn. Láti orí ìyá dé orí èyí tó wà nínú oyún. Tèmi nìkan."

Ohùn rẹ̀ mọ́ gara bí agogo. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà mọ irọ́ pa, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká bú ẹni lásán. Ẹni tó ti ń jí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ tó ń wo ilé, ọjà, ọmọ ẹ̀yìn, àti ìjókòó iwájú ní ilé ìjọsìn, tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé tèmi ni, tèmi ni, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tún ní ibi tí ọ̀fun rẹ̀ ti lè gbọ̀n mọ́.

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ìlẹ̀kẹ̀ etí gbogbo màlúù náà tàn pẹ̀lú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ Láwóyin náà tàn. Owó Má-jẹ̀ẹ́-ó-kú ti wọlé síbẹ̀.

"Olè!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹni tó pè mí lólè kó bọ́ síta," ni Alàgbà wí, "kó wá sọ ọ́ síwájú Agbọ́nú." Kò sẹ́ni tó bọ́ síta. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn tó lè rà á náà ní ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n ṣì fẹ́ búra lé lórí.

Ẹniọlá bi í pé, "Alàgbà, ẹ mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn? Ẹni tó bá búra, òun ni yóò fún wọn lómi. Bí òùngbẹ bá pa ẹran tí ẹ ti gba owó lé lórí, kànga ìjọba lẹ máa lọ gbẹ́ ní aṣálẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà tàbí ọmọdé o."

"Mo mọ̀." Ìgbà yìí ló tó wá yíjú sí Mopélọ́lá, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí í rín bó bá ń pín búrẹ́dì fún àwọn opó. "Ìyá Gbádégẹsin, má wulẹ̀ fajú ro. Ohun tó wà nílẹ̀ kò yí padà. Máa kó wọn lọ sílé. Ọgbà rẹ ni wọ́n mọ̀, ìwọ náà ni wọ́n mọ̀. Máa bá mi tọ́jú wọn bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí Ọlọ́run bá rọ òjò, a jọ máa sọ̀rọ̀."

"Owó ńkọ́, Alàgbà?"

"Owó wo?"

"Èyí tó tàn lọ́wọ́ yín."

"Háà. Ìyẹn." Ó fa apá agbádá bo ìlẹ̀kẹ̀ náà. "Ìyẹn jẹ́ ti ẹlẹ́ran."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín; kì í ṣe pé ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Mopélọ́lá wo agbo náà. Kó máa pọnmi. Kó máa gé koríko gbígbẹ lókè odò tó ti kú. Kó máa sùn ti abo tó ń rọbí. Kí owó sì máa tàn lábẹ́ agbádá. Àbí ta ló fi òun ṣe ẹrú?

Ètè rẹ̀ ń mì; ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò mọ̀ pé àdúrà ni. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó di okùn Aláàlà mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ síwájú Láwóyin lójú gbogbo ènìyàn, bí a ti í kúnlẹ̀ bí a bá fẹ́ dá ẹran ẹni padà fún ẹni.

"Alàgbà Láwóyin," ó ní, "láàyè ni mo gbà á. Láàyè ni mo dá a padà. Ọwọ́ mi mọ́. Ẹ gba okùn yín."

Ìlú mí kanlẹ̀. Ẹniọlá wò yíká, kò yé e. Èkó ló ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ará Ìdí-Ẹmì kan tí kò yé. Okùn àgbàsìn kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́ran bí wọn kò bá tíì pín ọmọ. Ẹni tó bá gbà á láìpín, wọ́n ń pè é ní Ajẹran-tokùn-tokùn. Orúkọ náà kì í kúrò lára rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sì sí ilé tí yóò tún gba òròmọdìẹ lásán sìn fún un. Baba ńlá ẹnìkan jẹ ẹ́ rí ní ìlú náà. Títí di òní, bí ọmọ ilé náà bá fẹ́ fẹ́yàwó, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá òun náà kò ní jẹ okùn.

Láwóyin fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí.

"Dìde," ó ní. "Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń dá ẹran padà. Ẹ gba okùn."

"Mo ní kó o dìde!"

"Ẹ gbà á, Alàgbà!" ni Bàbá Ṣítù ké láti apá kan, ẹnu aláwàdà ti jí. "Ṣebí tiyín nìkan ni? Àbí okùn náà gbóná?"

"Gbà á! Gbà á!" ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Obìnrin kan ti ń fi orúkọ náà kọrin: Ajẹran-tokùn-tokùn, o kú àjẹyó. Mopélọ́lá na okùn náà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó kan àyà agbádá rẹ̀. Láwóyin gbá a dànù, ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀rọ̀ sì já lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó ya odi:

"Báwo lo ṣe máa dá a padà láìpín? Ṣé o fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ni? A ò tíì pín in! Ìdajì àwọn ọmọ ṣebí tìẹ ni, ta ló sọ pé mi ò ní fún ọ? A ò tíì pín in!"

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Etí tó fẹ̀ bí ewé kókò yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó yí díẹ̀ sí òsì.

"Ọ̀fun rẹ kò gbọ̀n," ni Agbọ́nú wí. "Ẹni méjì lo dárúkọ."

Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ etí màlúù náà kú. Lábẹ́ apá agbádá, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ Láwóyin náà kú.

"Rárá," ó ní. "Rárá, rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé... Akọ̀wé, ọmọ mi, gbọ́ mi. Àṣà ni. Ọ̀rọ̀ àṣà lásán ni."

"Òun ló gbọ́ yín, Alàgbà, kì í ṣe èmi." Ẹniọlá ti dìde, ó ti mú ìbòrí dúdú lọ́wọ́. Ó wo àwọn màlúù náà, ó wo oòrùn, ó wo ọkọ̀ ńlá alágogo tó dúró lẹ́nu ọgbà, èyí tí í kó ẹran aláìlólúwa lọ sí ilé ìpẹran ìjọba. "Ẹran olúwa méjì, ọkọ̀ yẹn ló ni ín. Àyàfi tí ẹ bá pín in, kí oníkálùkù sì búra lé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n tó dé ìbòrí yìí. Mi ò sì ní pẹ́ dé e. Ebi ń pa mí."

Báyìí ni wọ́n ṣe pín agbo tí wọ́n ti ń sún síwájú láti ọdún gbọọrọ, pẹ̀lú ìkánjú, lójú oòrùn, láìsí omi tútù, láìsí àdúrà, láìsí ẹni tó ní ẹ kú ọ̀rẹ́. Àṣà ní kí ìyá agbo padà sọ́dọ̀ ẹni tó fà á wá. Ẹlẹ́ran ni yóò kọ́kọ́ yan nínú ọmọ, kí ẹni tó sìn ín tó yan tirẹ̀. Láwóyin kò mọ màlúù, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ènìyàn. Kò wo ẹran rárá. Ojú Mopélọ́lá ló ń wò. Èyí tí ojú obìnrin náà bá ti bà lé, òun ni yóò na ìka sí.

"Èyí."

Ìyẹn ni abo pupa tí Mopélọ́lá ti fi ìgò fún lómi kó má baà kú.

"Àti èyí."

Ìyẹn ni akọ kékeré tí Gbádégẹsin sọ lórúkọ kó tó lọ.

Nígbà tó yá, Mopélọ́lá kọ́gbọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn arọ, ó ń wò wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ bí ìyá ìyàwó, Láwóyin sì ń kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ṣítù rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Aláàlà kò sí nínú eré náà. Ọwọ́ ara Mopélọ́lá ló fi mú okùn rẹ̀, tó fi lé ọwọ́ Láwóyin, ó sì gbà á wàyí, nítorí wọ́n ti pín in.

"Ìwọ lo fẹ́ ká pín in," ni Láwóyin wí láàárín eyín. "Rántí o."

"Mi ò ní gbàgbé."

Láwóyin kọ́kọ́ búra lé tirẹ̀, iná ewé sì tún tàn fún un. "Ta ni ó ni wọ́n?" ni Agbọ́nú wá bèèrè lọ́wọ́ Mopélọ́lá, nípa àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wò wọ́n. Kò gbàdúrà. Kò sí ìyá, kò sí ìyá ìyá nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, ìbínú nìkan ló wà níbẹ̀, ó tutù, ó sì le bí òkúta ìsàlẹ̀ kànga.

"Tèmi ni."

Iná ewé tàn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbóná mọ́ ọn lára.

"Ẹ kú oríire, Ìyá Gbádégẹsin," ni Bàbá Ṣítù wí.

"Má kí mi," ó ní. "Jọ̀ọ́. Má kí mi."

Ó kó wọn lọ sílé. Aláàlà ń ké lẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń dá a lóhùn lọ́nà. Ọpọ́n omi inú ọgbà ṣí fún wọn fúnra rẹ̀, wọ́n mu, ìhà wọn ń gbé sókè sódò. Mopélọ́lá jókòó sórí odó, ó ń wò wọ́n, kò sì láyọ̀.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ìwo lára igi ẹnu ọ̀nà. Aláàlà ni. Okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mopélọ́lá tẹ̀ ba, ó mú orí okùn náà, ó wò ó dáadáa: kò já. Ẹnìkan ló tú u. Ẹnìkan tú u kó lè rìn wá síbi tó mọ̀, kó lè mu omi opó lọ́fẹ̀ẹ́ kí owó Má-jẹ̀ẹ́-ó-kú lè máa sùn lábẹ́ agbádá. Ẹranko náà bọ́ sẹ́bàá ọpọ́n, ó fi imú kan ìdérí. Ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ ń tàn lórúkọ Láwóyin, ọpọ́n náà kò sì mọ̀ ju orúkọ Mopélọ́lá lọ. Ìdérí náà kò ṣí. Ó tún fi imú kàn án. Kò ṣí.

Omi wà nínú ìkòkò inú ilé, èyí tí yóò máa mu títí ọkọ̀ omi yóò fi tún dé. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá bu igbá kan lónìí, òun yóò bu òmíràn lọ́la, àti lọ́túnla, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdún tó kọjá yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìkòkò náà padà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń dé e.

"Dìde, Ẹlẹ́sẹ̀ funfun," ó ní. "Jẹ́ ká lọ sílé ẹni tó ni ọ́."

Ó fà á gba àárín ìlú kọjá. Àwọn èèyàn jáde wá wò. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀; ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn alàgbà àti àwọn ìyá ìjọ kún pálọ̀, ohùn Láwóyin sì ń ró lókè ohùn gbogbo wọn, pé kí Olúwa ṣí fèrèsé ọ̀run, kí ó rán òjò sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó ṣàánú fún ohun gbogbo tó ní èémí.

"Àmín!" ni Mopélọ́lá ké láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo orí yí padà. Ó ti fa Aláàlà gun àtẹ̀gùn, iwájú ẹranko náà ti wà nínú pálọ̀, ìwo rẹ̀ ti gbá aṣọ ilẹ̀kùn sápá kan. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó so ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Gbádégẹsin," ni Láwóyin wí, ojú rẹ̀ kò tíì là tán, "àdúrà là ń gbà."

"Mo gbọ́. Ẹ gbà á dé ibi ohun tó ní èémí. Èyí ní èémí. Tiyín ni, ẹ ti sọ ọ́, irin ti gbọ́ ọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

"Wọ́n ti ti ilé omi pa. Lọ́la—"

"Kò ní dọ́la." Kò gbé ohùn sókè, kò nílò rẹ̀. "Bó bá ṣubú, orí rọ́ọ̀gì yín yìí ló máa ṣubú sí, lójú gbogbo ìjọ. Èmi náà ni mo máa rìn lọ pe akọ̀wé."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ rọra ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn kí itọ́ ẹranko náà má baà kán sí i láṣọ. Láwóyin wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan yóò bá a dá sí i. Wọ́n ń wo Bíbélì wọn.

Ó dìde. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, korobá omi mímu ara rẹ̀ ló gbé, omi tútù, èyí tí wọ́n fi ewé olóòórùn sí, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ta sí bàtà rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú Aláàlà.

Ó bẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbádá náà fi kan ilẹ̀.

Mopélọ́lá kò lọ. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó ń wo omi náà bó ti ń lọ sílẹ̀ nínú korobá, ó ń wo gbogbo rẹ̀, títí ahọ́n ẹranko náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí korobá.

"Ẹ bù sí i," ó ní. "Kò tíì yó."